Òjìlélúgba Àwòrán, Fáìlì Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ohun tí mo fẹ́ máa rà lọ́jà ni mo ra ìwé yìí láti máa kọ sínú rẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ṣì ní ọṣẹ, iyọ̀ àti ìṣáná lára. Ṣùgbọ́n àtàárọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kún inú mi, mi ò sì tíì mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí tí mo lè sọ ọ́ fún. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá rèé tí mo dé ilé ọkọ.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ọkọ mi. Ojú ọ̀tún. Dókítà ní awọ fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ló ṣí kúrò, bí ọ̀dà ṣe máa ń ṣí lára ògiri. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ojú náà kí ó máa tì í mọ́ ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn kì í dúró síbi tó yẹ àfi tí èèyàn bá dojú bolẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni ọkọ mi yóò fi dojú bolẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ń sùn, ì báà jẹ́ pé ó ń jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún gbọdọ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà títí oṣù yóò fi parí.

Oṣù yìí kan náà sì ni ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ máa parí. Ọ̀gá wọn ní láàbù, ilé ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́, pè é lórí fóònù, mo ń gbọ́.

"Mo bá ọ kẹ́dùn ojú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni mo gbọ́dọ̀ rí gbogbo ìwọ̀n yẹn nínú fáìlì kan ṣoṣo. Tí mi ò bá rí i, ẹlòmíì ni màá fi sípò rẹ. Kì í ṣe ìkà o."

Ohùn obìnrin ni. Kò pariwo rárá. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ohun kan wà tí ojú ń tì mí láti kọ, ṣùgbọ́n ta ló máa kà á? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, bí ọkọ mi bá wo ojú mi báyìí, ọ̀rọ̀ á há mi lọ́fun. "Ẹ ṣé" àti "ẹ kú iṣẹ́" nìkan ni mo máa ń rí sọ. Ní báyìí tó dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, tí kò lè wò mí, ẹnu mi ṣí bí ti ẹyẹ ẹ̀gà. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Mo sọ ti ewúrẹ́ tó jẹ ìwé ìṣirò mi. Mo sọ ti àbúrò mi tó máa ń sùn lórí ìdúró. Ó ń rẹ́rìn-ín sínú pílò, gbogbo ibùsùn ń mì.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ tó báyìí, o sì fi mí sílẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá! Ìyàwó, o burú."

 Ó bi mí bóyá mo lè lo kọ̀ǹpútà.

Kíláàsì kejì girama ni mo wà tí bàbá mi fi kú, ibẹ̀ ni ìwé mi sì parí sí. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní. Inú yàrá ọ̀gá ló wà, wọ́n fi aṣọ bò ó. Aṣọ yẹn ni mo mọ̀ dáadáa.

Mo ní, "Mi ò lò ó rí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lò ó rí kò ní ìwà burúkú tí a máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Iṣẹ́ náà rèé bó ṣe yé mi. Ọkọ mi ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì awọ ara èèyàn nínú àwo pẹlẹbẹ. Àwọn kan kò gba oògùn. Àwọn kan gba oògùn kìíní, àwọn kan gba ìkejì. Ó fi máíkírósíkóòpù ya àwòrán wọn, ọgọ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òjìlélúgba àwòrán. Lẹ́yìn náà ó kó àwòrán náà fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wọn gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú wọn. Àmọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ló bí fáìlì kékeré tirẹ̀. Ọ̀gá kò fẹ́ òjìlélúgba ọmọ, ìyá kan ló fẹ́ rí.

Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kó òjìlélúgba ìgò ìyẹ̀fun fún èèyàn, tí wọ́n ní kó dà á sínú àgbá kan.

Ọkọ mi ń sọ ọ́ láti orí ibùsùn, ó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ṣí i. Mú gbogbo rẹ̀. Kọ́pì. Lọ sínú fáìlì ńlá. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀. Séèfù." Mo ń kọ ọ́ bí orin. Máòsì yẹn ń sá fún mi bí adìẹ tí wọ́n fẹ́ mú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa fáìlì dé láìmọ̀, tí mo ké "Yé!", tí ọkọ mi fẹ́ dìde, tí mo sì ní kó má dìde.

Mẹ́jọ ni mo rí ṣe títí ìrọ̀lẹ́. Mẹ́jọ nínú òjìlélúgba. Ó ní "o káre" bí ẹni pé mo ti kọ́ ilé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mọ́kàndínlógún lónìí. Òjò rọ̀. Ẹyin tún ti gbówó lórí, mẹ́ta péré ni mo rà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá ọkọ mi dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ló bá mi, kọ̀ǹpútà lórí àpótí níwájú mi, abọ́ àárọ̀ ṣì wà nínú agbada ìfọbọ́.

"Háà! Ọmọ mi dojú bolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù, ìyàwó rẹ̀ ń wo fíìmù!"

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ọkọ mi dáhùn láti inú pílò. "Màámi, iṣẹ́ mi ló ń bá mi ṣe."

"Iṣẹ́ wo? Ṣé nọ́ńbà ló máa bù fún ọ jẹ?"

"Tí kò bá ṣe é, Màámi, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa bù jẹ nílé yìí tó bá di oṣù tó ń bọ̀."

Màámi tú gèlè wọn sílẹ̀. Wọ́n lọ sẹ́yìn, mo gbọ́ tí omi ń dà. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, abọ́ ni wọ́n ń fọ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n padà sídìí nọ́ńbà mi.

Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fa etí mi mọ́ra. "Ọdún tí bàbá rẹ̀ ṣàìsàn, èmi ni mo ń bá a ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò mọ nǹkan kan nípa bàtà. Mo ta ẹsẹ̀ òsì méjì fún ọkùnrin kan, ó sì wọ̀ ọ́ lọ. Má jẹ́ kí ọmọ yẹn gbọ́ o."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi padà wọlé. Ọkọ mi ní kí ni. Mo ní kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ọwọ́ mi ti ń yá. Mi ò wo ohun tó wà nínú fáìlì mọ́, mo kàn ń ṣí, mo ń mú, mo ń lẹ̀. Ogójì lónìí! Ọkọ mi ti ń pè mí ní Akọ̀wé. "Akọ̀wé, omi dà?" "Akọ̀wé, wá bá mi họ ẹ̀yìn." Akọ̀wé ń họ ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti parí. ÒJÌLÉLÚGBA! Ẹgbẹ̀rún méje ìlà ó lé díẹ̀, nínú fáìlì kan.

Ọkọ mi náà ti dìde láti àná. Dókítà ní awọ náà lẹ̀. Ó ní gbogbo nǹkan dà bí ìgbà tí èèyàn la ojú nínú odò lójú ọ̀tún, ṣùgbọ́n ti òsì mọ́lẹ̀ kedere. Ó fi ojú kan ṣoṣo yẹn wò mí nídìí oúnjẹ, ó wò mí pẹ́. Ẹnu mi tún padé. Ojú kan náà ti tó pa mí lẹ́nu mọ́.

Lọ́la ni màá fi fáìlì hàn án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo fẹ́ kó wù ú ni. Kí n tó pè é, mo wo fáìlì náà láti òkè dé ilẹ̀, kò dùn mọ́ mi lójú: 430 lórí 118, 612 lábẹ́ 203, bí àwo tí wọ́n kàn jù síra wọn. Èmi kì í fi àwo sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ibì kan tí èèyàn lè tẹ̀, tí kọ̀ǹpútà á to gbogbo rẹ̀ láti kékeré dé ńlá. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dára o! Gbogbo ìlà tò gẹ́rẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Mo séèfù. Mo pè é.

Ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà bí dókítà ṣe wí.

"Ka ìlà àkọ́kọ́ sí mi létí."

"Nọ́ńbà 17, ìtóbi 96."

"Èkejì."

"Nọ́ńbà 4, ìtóbi 97."

"Kí ló dé tí 17 fi ṣáájú 4?"

Mo ní, "Mo tò ó ni. Láti kékeré dé ńlá." Inú mi ṣì ń dùn nígbà yẹn.

Ó ní, "Nọ́ńbà 17 yẹn, ti àwòrán wo ni?"

Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀. Inú gbogbo àwòrán ni nọ́ńbà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti 1. Gbogbo wọn ló ní 4 tiwọn, gbogbo wọn ló ní 17 tiwọn. Orúkọ àwòrán kò sí nínú fáìlì kékeré, ara rẹ̀ níta ló wà, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ sára ìdérí ìgò. Mo ti da gbogbo ìgò náà, mo sì ti ju ìdérí nù. Kò sẹ́ni tó lè mọ sẹ́ẹ̀lì tó gba oògùn yàtọ̀ sí èyí tí kò gbà mọ́.

Ó ní, jẹ́ẹ́, "Ká ní o ò tò ó ni, a ì bá máa wo ibi tí nọ́ńbà ti padà sí 1, a ì bá ti ibẹ̀ mọ ibi tí ọ̀kan parí sí."

Mo ní kí n lọ wo omi lórí iná. Kò sí omi kankan lórí iná. Mo dúró sí kíṣìnì, mo fi gèlè di ẹnu mi.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀.

"Ìyàwó. Èmi ni mi ò sọ fún ọ. Ẹni tó mọ ọ̀nà tí kò júwe, òun ló sọnù."

Mo mú kànrìnkàn, mo ń fọ abọ́ tó mọ́.

"A ò fọ́ ìgò kankan. Àwọn fáìlì kékeré ṣì wà níbẹ̀ ní pípé. Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Ọjọ́ mélòó lo fi ṣe ti àkọ́kọ́?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ṣé o rí i?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fi ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri. Ó ń fi èkánná họ ọ̀dà ibẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Orí fífọ́. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

A tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí òpó àkọ́kọ́ nínú fáìlì, ìyẹn ìtò tó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, jẹ́ ti orúkọ àwòrán. Gbogbo ìlà ló gbọ́dọ̀ ní in níwájú: 1-01 ni àwòrán àkọ́kọ́ nínú àwọn tí kò gba oògùn, 2-01 ni ti oògùn kìíní, 3-01 ni ti oògùn kejì. Ọkọ mi tún ní kí n máa ṣí àwòrán kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì rẹ̀, kí n ka iye sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, kí n wò ó bóyá ó bá iye ìlà mu.

Mi ò tíì wo àwọn àwòrán náà rí, nọ́ńbà nìkan ni mo mọ̀. Wọ́n mà dára o. Wọ́n dà bí òkúta wẹẹrẹ abẹ́ omi tí oòrùn ń ràn sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹyin dúdú láàárín. Mo bi ọkọ mi bóyá wọ́n mọ̀ pé à ń wo àwọn. Ó ní òun kò rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mọ̀, wọn kò ní rò pé ẹni tí ojú rẹ̀ rẹwà tó báyìí ló ń ka àwọn.

Mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Onígíláàsì wá kí wa. Òun ló ń nu gíláàsì tí wọ́n ń fi sábẹ́ máíkírósíkóòpù ní láàbù, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ó gbé búrẹ́dì wá, ó sì jẹ ìdajì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó yọjú wo ohun tí mo ń ṣe. "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ẹ ń fi ṣíbí gbẹ́ kànga! Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, àṣẹ ìlà mẹ́wàá péré ló máa kọ sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ á para pọ̀ kí tíì tó tutù."

Ọkọ mi ní, "Ìwọ mọ̀ ọ́n kọ, àbí?"

"Èmi? Gíláàsì ni mo ń nù."

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ńkọ́?"

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́ míì látọdún tó kọjá, o mọ̀."

"Nígbà náà jẹ́ ká máa gbẹ́ kànga wa."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹnì kan ti wá wo tábìlì ọkọ mi. Ọ̀gá ló mú un kiri. Ó wọ táì.

Ọkọ mi ní, "Táì tó dára?"

"Ó dára gan-an, ọ̀rẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Iná lọ láti àárọ̀, bátìrì kọ̀ǹpútà kú ní 2-58. Mo fi ọjọ́ náà fọ aṣọ. Ìbínú ni mo fi fọ̀ ọ́, kọ́là ẹ̀wù ọkọ mi kan ya.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Nǹkan kan ń dà mí láàmú.

Mo ṣe 3-40. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀: 430, 388, 512, báyìí báyìí. Mo ṣí 3-41: 1,740, 1,592, 2,064. Mo rò pé mo ṣi fáìlì mú. Mo pa á dé, mo tún un ṣí. Bákan náà ni. Mo gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òkúta wẹẹrẹ kan náà. Mo fi ìka mi wọ̀n wọ́n lójú kọ̀ǹpútà: èkánná ìka kékeré mi bo ti ibí, ó bo ti ọ̀hún.

Mo wo 3-42. Mo wo 3-50. Mo wo 3-80. Gbogbo ogójì tó kù ni nọ́ńbà wọn ga bẹ́ẹ̀, ojú kò sì rí ìyàtọ̀ kankan.

Mi ò sọ fún ọkọ mi lónìí. Bí mo bá ní nọ́ńbà rẹ̀ kò tọ́, ta ni èmi? Èmi tí mo to sẹ́ẹ̀lì bí àwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mo yẹ iṣẹ́ ara mi wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta, bóyá èmi ni. Èmi kọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mo sọ fún un. Mo ń wo ilẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó ní, "Kò lè rí bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Mo fi ìka wọ̀n ọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìka! Kọ̀ǹpútà ló wọ̀n ọ́n, ìwọ fi ìka wọ̀n ọ́n! O ò mọ ohun tí ò ń wò."

Kò pariwo mọ́ mi rí. Mo dìde, mo kó abọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo ń gbálẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ọkọ mi wá jókòó sórí àpótí níwájú mi, ó di ìgbálẹ̀ mú kí n má lè gbálẹ̀ mọ́.

"Mo sọ̀rọ̀ sí ọ lánàá bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ogójì tó kẹ́yìn yẹn, ọjọ́ tí ojú yìí ń ya ni mo fún kọ̀ǹpútà. Ohun dúdú kan ń sọ̀ kalẹ̀ lójú mi bí kọ́tìnì, mo fẹ́ parí kí n tó lọ sílé ìwòsàn. Jọ̀ọ́, lọ ṣí 3-41. Ìlà funfun kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ̀n ọ́n fún mi."

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi máòsì wọ̀n ọ́n. Ní 3-40, ìlà funfun náà jẹ́ 50. Ní 3-41, ìlà kan náà jẹ́ 100.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí kọ̀ǹpútà tó wọn ohunkóhun, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bí ìlà funfun ti gùn tó fún un. Tí èèyàn kò bá sọ fún un, àwọn àmì tín-ín-tìn-tín tó fi ya àwòrán ló máa kà, á sì kọ iye wọn sílẹ̀ bí ẹni pé ó tọ́. Lọ́jọ́ yẹn ni ọkọ mi gbàgbé láti sọ fún un.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n 50 àti 100, ìlọ́po méjì ni. Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì fi di ìlọ́po mẹ́rin?"

Ó ní kí n mú aṣọ ìnura wá. "Ṣẹ́ ẹ po lóòró sí méjì. Tún ṣẹ́ ẹ po níbùú sí méjì. Ka ìpele rẹ̀."

Mẹ́rin. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rin! Ọdún méjì ni olùkọ́ ìṣirò fi ń sọ nǹkan yẹn fún wa tí kò yé mi.

A ó pín gbogbo ìtóbi inú ogójì àwòrán náà sí mẹ́rin. Ọkọ mi ní tí nọ́ńbà náà bá lọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá ì bá rò pé oògùn kejì ló ń mú sẹ́ẹ̀lì wú. Àwọn èèyàn ì bá máa sá fún oògùn tí kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìka rẹ dà? Mú un wá kí n rí i." Ó fi ojú òsì wo èkánná ìka kékeré mi fún ìgbà pípẹ́. Mi ò fa ọwọ́ mi padà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ti ṣe dé 3-80, mo ti pín gbogbo èyí tó yẹ kí n pín. Mo fi òpó kan kún un lẹ́yìn, èmi ni mo ronú ẹ̀. Ní ìparí gbogbo ìlà ogójì àwòrán yẹn mo kọ ọ́ pé: "A ti pín èyí sí mẹ́rin. Wọ́n gbàgbé ìwọ̀n."

Mo kà á sí ọkọ mi létí. Ó dìde lórí àga.

Mo ní, "Ṣé kí n pa á rẹ́?"

"Tí o bá pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Nọ́ńbà ti tọ́ báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí o bá fi sílẹ̀, Ọ̀gá yóò mọ̀ pé mo wọn ogójì àwòrán láìní ìwọ̀n. Ọkùnrin tó wọ táì sì ń retí ipò mi níta."

Mi ò sọ pé kó ṣe báyìí, mi ò sọ pé kó má ṣe é. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ rántí ọjọ́ ìdérí ìgò. Ẹni tí yóò lo fáìlì yìí lọ́dún tó ń bọ̀ kò mọ̀ wá."

Ó rìn lọ sí fèrèsé, ó rìn padà. Yàrá wa kò gùn, ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni. Ó rìn ín tó ogún ìgbà.

"Fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má kọ 'wọ́n gbàgbé'. Ta ni wọ́n? Kọ ọ́ pé èmi ni mo gbàgbé."

Mo kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ọgbọ̀n

Mo ka gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Òjìlélúgba orúkọ, kò sí èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kò sí èyí tó sá. Mo fi ẹ̀wù tí kọ́là rẹ̀ ya pamọ́, mo lọ aṣọ míì fún un. 

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo bá ọkọ mi lọ sí láàbù, torí pé kò gbọdọ̀ ka nǹkan lójú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan ní láti kà á fún un. Mo ti rò pé ẹnu ọ̀nà ni màá dúró sí. Onígíláàsì ló fún mi ní ọ̀rá tí wọ́n ń fi bo bàtà, ó ṣẹ́jú sí mi, mo sì wọlé.

Ọ̀gá kéré ju ohùn rẹ̀ lọ. Bírò wà nínú irun rẹ̀, ó sì ń wá bírò. Kò kí wa pẹ́. Ó ṣí fáìlì náà, ó ń fà á lọ sísàlẹ̀, ó ní "ìn-ín", ó tún ní "ìn-ín". Ó mú orúkọ àwòrán bíi mẹ́fà, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó dé òpó ẹ̀yìn. Ó dúró.

Ó kà á jáde. "'Èmi ni mo gbàgbé.' Ìwọ ta ni?"

Ọkọ mi ní, "Èmi ni, mà. Ọjọ́ tí ojú mi ya ni. Mi ò sọ bí ìlà ti gùn tó fún kọ̀ǹpútà."

"Ta ló rí i?"

"Ìyàwó mi, mà."

Ọ̀gá yí àga rẹ̀ sí mi.  "Kí ló jẹ́ kí o fura?"

Mi ò mọ ibi tí ohùn náà ti jáde. "Àwòrán kò yàtọ̀, mà. Nọ́ńbà ló yàtọ̀. Mo gba ojú mi gbọ́."

Ọ̀gá yí àga rẹ̀ padà sí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí 3-52 fúnra rẹ̀, ó wọn ìlà funfun, ó pín in, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún 3-67, fún 3-79. Aago ògiri wọn ń ró kọ́, kọ́, kọ́. Ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

Ọ̀gá ní, "Ọkùnrin kan wá síbí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nítorí ipò rẹ. Mo bi í pé báwo ló ṣe máa mọ̀ tí ìwọ̀n kan kò bá tọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe àṣìṣe." Ó yọ bírò kúrò nínú irun rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tí kò mọ bó ṣe débẹ̀, ó sì fi kọ nǹkan sínú ìwé kan. "Ọ̀sẹ̀ méjì sí i fún ojú yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, tábìlì rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Láti òní lọ, ìwọ̀n kankan kò ní kúrò lórí tábìlì náà láìjẹ́ pé ojú kejì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń bínú sí ọ o. Má rò pé mi ò bínú."

Ọkọ mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òpó ẹ̀yìn yìí kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ máa lọ."

A dé orí àtẹ̀gùn, ìpele kejì, ọkọ mi sì jókòó síbẹ̀ wọ̀ọ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ó gbé ọwọ́ sókè láti nù ún, ó rántí pé dókítà ní ọwọ́ òun kò gbọdọ̀ kan ojú náà, ó sì dá ọwọ́ dúró sínú afẹ́fẹ́ báyìí.

Mo kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo yọ etí gèlè mi, ibi tó mọ́ jù, mo sì nù ún fún un díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò jẹ́ kó kan ẹyinjú. Àwọn èèyàn ń gòkè, wọ́n ń sọ̀, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá pẹ̀lú àwo wọn àti ìwé wọn. Mi ò yára.